Mọ́nítọ̀ Olówó Gọbọi Kò Mọ Àmì Ohùn

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta kó tó di pé à ń yí ọ̀rọ̀ po: mọ́nítọ̀ tí wọ́n ń tà ní mílíọ̀nù méjì náírà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kò yẹ lówó tí wọ́n ń pè é, fún ẹni tó ń kọ̀wé, tó ń kàwé, tó ń ṣe àwòrán ìpolówó, tó sì ń gbé ní Òkàkà, ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn tàbí ibikíbi tí iná ìjọba ti ń ṣe bó ṣe wù ú. A ò sọ pé nǹkan náà kò dára o. Ó dára. Ohun tí à ń sọ ni pé dídára rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Owó rẹ̀ nìkan ló ń dé.

Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Òkàkà, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú. À ń tẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, à ń ṣe káàdì ìpè fún ìgbéyàwó àti fún ìsìnkú àgbà, à ń kọ ìtumọ̀ sábẹ́ fídíò, a sì ń ṣàtúnṣe ìwé Yorùbá fún àwọn tó wà l'Ékòó àti nílùú òyìnbó. Iṣẹ́ ojú ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹnì kan bá yẹ kó bẹ̀bẹ̀ fún mọ́nítọ̀ tó dára, àwa ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí fóònù wa lálẹ́, ohun tó ń bẹ níbẹ̀ ni fídíò àwọn ọmọ tó ń fi tábìlì iṣẹ́ wọn han aráyé: tábìlì funfun, iná aláwọ̀ àlùkò lára ògiri, ewéko kan nínú ìkòkò, mọ́nítọ̀ gbàgàdà kan láàárín bí ọba lórí ìtẹ́. "Sẹ́tọ́ọ̀pù" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní ẹni tó bá ka iṣẹ́ rẹ̀ sí kò gbọ́dọ̀ fi mọ́nítọ̀ yẹpẹrẹ ṣe é. Ìbínú wa kò tilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọjà. Ọlọ́jà kì í sọ pé ọjà òun kan. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé àwọn ọ̀dọ́ wà ní agbègbè yìí tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ tán, tí wọ́n ní láptọ́ọ̀pù, tí wọ́n sì jókòó, tí wọ́n ń dúró. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń dúró dè, wọ́n á ní "mọ́nítọ̀ gidi".

Ẹ jẹ́ ká fi owó sọ ọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Apple gbé mọ́nítọ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní Studio Display, $1,599 ni wọ́n sì fi lélẹ̀ fún un ní Amẹ́ríkà. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦465 ní báǹkì. Mọ́nítọ̀ yẹn ì bá jẹ́ nǹkan bíi ₦743,000 nígbà náà. (Lórí ìwé ni o. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀rín ni wọ́n máa fi dá tálákà lóhùn tó bá wọ báǹkì pé òun wá ra dọ́là.) Nígbà tí dọ́là kan wá di ₦1,500, mọ́nítọ̀ kan náà, tí nǹkan kan kò lé lára rẹ̀, di ₦2,398,500. A ò tíì ka owó ọkọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti èrè ẹni tó kó o wọlé. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó ń gba iye yẹn máa ṣiṣẹ́ ju oṣù 34 lọ, láì jẹ, láì mu, láì san owó ilé, kó tó ra ojú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà gan-an kò sí nínú ẹ̀.

Èyí tó dà bí àwàdà ni ti ọdún 2019. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ní San Jose ní California, Apple kan náà fi mọ́nítọ̀ kan tó ń jẹ́ Pro Display XDR han àwọn èèyàn, $4,999. Wọ́n wá fi kún un pé irin tí yóò gbé e dúró kò sí nínú owó yẹn, $999 ni irin náà. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn, àwọn tó fẹ́ràn Apple débi pé wọ́n rìnrìn àjò wá síbẹ̀, àwọn gan-an kùn hùn-ùn. Ẹ fi ₦1,500 ìlọ́po irin yẹn: ₦1,498,500. Irin ìdúró! Oṣù mọ́kànlélógún ni òṣìṣẹ́ ₦70,000 máa fi sin irin.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ọjà yìí á sọ pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. A gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó bóyá oyin ń bẹ nínú àpáta náà.

Àwọn ojú iná kéékèèké tí àwòrán fi ń hàn lójú mọ́nítọ̀ là ń pè ní píksẹ́lì. Mọ́nítọ̀ 1080p ní 1,920 ní ìbú, 1,080 ní òró, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,073,600. Ti 4K jẹ́ 8,294,400, ìlọ́po mẹ́rin géérégé. Ti 5K, irú tó wà lójú Studio Display, jẹ́ 14,745,600. Bí èèyàn bá gbọ́ iye yìí, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ là, á ní "ẹ̀n-ẹ́n, ìdí tó fi wọ́n nìyẹn". Ó dáa. Ẹ wá wo ojú tó máa wò ó. Ojú tó ríran dáadáa, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní 20/20, bó bá wà ní 60 sẹ̀ǹtímítà sí nǹkan, kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo wọn kò bá tó nǹkan bíi 0.17 mìlímítà. Ibẹ̀ yẹn náà ni ọ̀pọ̀ wa ń jókòó sí níwájú mọ́nítọ̀. Píksẹ́lì mọ́nítọ̀ 24 ínṣì tó jẹ́ 1080p fẹ̀ tó 0.28 mìlímítà, nítorí náà ojú lè rí i pé etí lẹ́tà rí gánngàn-gànngan díẹ̀. Ti 27 ínṣì tó jẹ́ 4K jẹ́ nǹkan bíi 0.16. Ojú ti dé òpin agbára rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ti 27 ínṣì tó jẹ́ 5K jẹ́ 0.12, ohun tó sì wà láàárín 0.16 sí 0.12 yẹn, ẹ̀yin ló sanwó rẹ̀, ojú yín kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Àwọn kan wà tí ojú wọn mú ju ti gbogbo wa lọ. A kí wọn o, àwọn kọ́ là ń bá wí.

Mọ́nítọ̀ 4K tó jẹ́ 27 ínṣì lásán, tí kò ní orúkọ ńlá lára, ti wà lábẹ́ $300 ní Amẹ́ríkà tipẹ́tipẹ́. Kí ló wá ku tí wọ́n fi ń gba $1,599? Ara aluminium tó ń dán, ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ sí i, ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ àti kámẹ́rà inú rẹ̀, àwọ̀ tí wọ́n ti wọ̀n kó tó kúrò nílé iṣẹ́, àti orúkọ. A ò sọ pé òfo ni àwọn nǹkan wọ̀nyí. Orúkọ ló gba ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀, pàápàá tí èèyàn bá mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gíláàsì inú mọ́nítọ̀ kò pọ̀ láyé: LG Display ní Kòríà, AUO ní Taiwan, BOE ní Ṣáínà àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni orúkọ ńlá àti orúkọ kékeré ti ń rà. Ìmọ̀ IPS tí Hitachi gbé sọ́jà ní ọdún 1996, tó jẹ́ kí àwọ̀ má yí padà bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, nǹkan olówó ni tẹ́lẹ̀. Lónìí, ó wà nínú mọ́nítọ̀ tí wọ́n ń tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Ọ̀tìgbà, ní Ìkẹjà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti Yorùbá, nítorí ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn kan fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ Yorùbá ni pé mọ́nítọ̀ yẹpẹrẹ ni kì í jẹ́ kí àmì hàn. Irọ́ pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà ẹ́. Unicode, ìyẹn ètò tó fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ tó ní àmì òkè lórí kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ rárá. Kọ̀ǹpútà máa mú ẹ, á mú àmì òkè tó jẹ́ U+0301, á wá gbé èkejì lé èkíní lórí. Ta ló mọ ibi tí àmì máa jókòó sí? Fọ́ǹtì ni. Bí fọ́ǹtì bá mọ iṣẹ́, àmì á jókòó bí gèlè ṣe ń jókòó lórí ìyàwó. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á lọ gun orí lẹ́tà tó tẹ̀lé e, tàbí kó di àpótí òfìfo. Ẹ ra mọ́nítọ̀ 5K, ẹ gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí rẹ̀: àpótí òfìfo yẹn á kàn mọ́ rekete sí i ni. Fọ́ǹtì tó mọ iṣẹ́ yìí sì rèé, ọ̀fẹ́ ni: Noto tí Google ṣe, Charis àti Gentium tí SIL ṣe. Dátà tí ẹ fi ń wo fídíò sẹ́tọ́ọ̀pù kan ṣoṣo máa gbé wọn wálẹ̀, á sì ṣẹ́kù.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ rántí ìlà pupa wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí Word máa ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀. Bí wọn kò bá tíì fi àyẹ̀wò Yorùbá sínú rẹ̀, gbogbo ojú ìwé ló ń fà á sí. Ibo sì ni ìlà náà máa ń gbà? Abẹ́ lẹ́tà, ibi tí àmì ọ, ẹ àti ṣ wà gan-an. Ẹni tó ń ṣàtúnṣe á rò pé àmì ń bẹ, kò sí. Á rò pé kò sí, ó ń bẹ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ "oko ìyàwó" sórí káàdì ìgbéyàwó, tí ọkọ ìyàwó á di ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin àgbàdo sí. Ẹ pa àyẹ̀wò sípẹ́lì yẹn, ó tán. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

A ò ní purọ́ nítorí pé à ń jà: lójú mọ́nítọ̀ 24 ínṣì tó jẹ́ 1080p, bí lẹ́tà bá kéré tó 10 tàbí 11, àmì abẹ́ lẹ́tà kì í ju píksẹ́lì kan tàbí méjì lọ, ó sì máa ń rẹ ojú láti fi wákàtí mẹ́fà wá a kiri. Ibi tí mọ́nítọ̀ tó dára sí i ti wúlò fún wa nìyẹn, a gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n 4K lásán ti tó fún un. Ẹni tí kò bá sì ní owó 4K, kó fi ojú ìwé sí 150 nínú 100 nígbà tó bá ń ṣàtúnṣe, kó dá a padà nígbà tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwa ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ìwé sì ń jáde.

Ibo ni ìwé náà tilẹ̀ ń lọ bó bá jáde tán? Ó ń lọ sórí Tecno, sórí Infinix, sórí itel tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ní igun kan, nínú oòrùn, lórí ọ̀kadà tó dúró de èrò. Ẹni tó máa ka iṣẹ́ wa kò ní ra Studio Display láti kà á. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun dára, kó fi ránṣẹ́ sí fóònù tó kéré jù nínú ilé, kó bọ́ sí gbangba, kó wò ó.

Ọ̀rọ̀ iná ló kàn, èyí sì ni àwọn tó ń ṣe fídíò sẹ́tọ́ọ̀pù láti Toronto kì í mẹ́nu bà, kò sì sí ìdí tí wọ́n á fi mẹ́nu bà á. Mọ́nítọ̀ 24 ínṣì lásán ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 20 sí 25. Bátìrì kan tó jẹ́ fóòtì 12, tó jẹ́ 100Ah, wáàtì-wákàtí 1,200 ló wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí òjé wà nínú rẹ̀, ìdajì ló yẹ kéèyàn fà kó má bàa tètè kú, ìyẹn 600. Ẹ fi 25 pín in: wákàtí 24. Ẹ wá wo mọ́nítọ̀ HDR ńlá tó jẹ́ 32 ínṣì, tó lè jẹ ju wáàtì 100 lọ bó bá tan ìmọ́lẹ̀ dé òpin. Wákàtí mẹ́fà kò pé, bátìrì ti sọ pé ó dàárọ̀, a ò sì tíì ka kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, a ò ka fáànù, a ò ka Wi-Fi.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti ₦68 lọ sí ₦225 fún kílówáàtì-wákàtí kan, wọ́n sì ní wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n á máa rí. Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ń san èyí tó kéré, wọ́n sì ń rí iná tó kéré. Ẹ mú èyí tó bá wù yín níbẹ̀: iná tó wà tó wọ́n, tàbí iná tí kò wọ́n tí kò sí. Bó bá sì wá lójijì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó lè wá pẹ̀lú agbára tó máa jẹ́ kí gílóòbù pọ́n bí oòrùn ọ̀sán. Nígbà òjò, ààrá Òkè-Ògùn kì í bi èèyàn léèrè kó tó sán. Mọ́nítọ̀ àlòkù bá jóná, ó dùn wá, a ó ra òmíràn. Èyí tó jẹ́ owó oṣù 34 bá jóná ńkọ́? Apple kò ní ilé ìtajà tirẹ̀ kankan ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí wa mọṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n níbo ló ti máa rí gíláàsì 5K?

Ìdí rèé tí a fi ń sọ pé owó tún ní ipò tó yẹ kó gbà. Iye tí wọ́n ń pè fún mọ́nítọ̀ kan ṣoṣo yẹn lè ra pánẹ́ẹ̀lì sólà, ìnfátà àti bátìrì líthíọ́ọ̀mù fún ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù, mọ́nítọ̀ kékeré, fáànù àti gílóòbù, kó sì ra mọ́nítọ̀ àlòkù náà lé e. Oòrùn tó ń jó wa lórí ní pápá Òkè-Ògùn yìí, ọ̀fẹ́ ni. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo pánẹ́ẹ̀lì, èèyàn á gun àkàsọ̀ lọ nù ún lówùúrọ̀ bí ẹni ń nu àwo ọbẹ̀. Wàhálà rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní iná wákàtí mẹ́wàá lórí mọ́nítọ̀ ₦60,000 ti gba iṣẹ́, ti parí iṣẹ́, ti gba owó, nígbà tí olówó mọ́nítọ̀ ṣì ń bi ará ilé kejì pé "ṣé wọ́n ti mú iná wá lọ́dọ̀ yín?"

Ti àwọn tó ń gbá géèmù kò ní gùn. Mọ́nítọ̀ lásán ń tún àwòrán yà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí wọ́n ń pọ́n lé ń yà á ní ìgbà 240. Ohun tí owó yẹn rà fún yín kò ju nǹkan bíi 12 lọ nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ìhín dé Yúróòpù àti padà máa ń jẹ tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìdá kan náà, lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá yá. Wọn á ti yìnbọn fún yín kí mọ́nítọ̀ tó rí ohun tó máa yára fi hàn yín.

Àwọ̀ ló kù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti nípọn díẹ̀. Ní Ìgbójàyè, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú wa yìí, ni Kúnlé Afọláyan kọ́ abúlé fíìmù rẹ̀ sí, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ya Aníkúlápó tó jáde lórí Netflix ní ọdún 2022. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní òfin àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tó le fún fíìmù tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún èèyàn. Ẹni tó ń tún àwọ̀ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe nílò mọ́nítọ̀ tó lè jẹ́rìí, tí kì í parọ́ fún un nípa bí ojú aláwọ̀ dúdú ṣe rí nínú iná àtùpà. Kó rà á. Owó iṣẹ́ náà á san án padà, mọ́nítọ̀ náà sì jẹ́ irinṣẹ́ fún un bí ọkọ́ ṣe jẹ́ fún àgbẹ̀. Àwa tí à ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, a ò gbọ́dọ̀ fi àpamọ́wọ́ wa jó ijó rẹ̀.

Ẹni tó ń ta aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn fún oníbàárà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ kàn jù ní agbègbè wa, nítorí ẹni tó bá ra àlàárì, tó wá rí i pé pupa rẹ̀ kì í ṣe irú pupa tí òun rí lórí fóònù, á pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: lójú fóònù ta ni ó ti rí pupa yẹn? Lójú fóònù tirẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù. Mọ́nítọ̀ olówó ńlá tó wà ní Ìsẹ́yìn kò ní agbára kankan lórí ìyẹn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n ya aṣọ náà nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé funfun kan, kí wọ́n sì gé ibú kékeré ránṣẹ́ sí oníbàárà ńlá kí ó fọwọ́ kàn án. Bí èèyàn bá sì rin kinkin mọ́ àwọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń gbé lé ojú mọ́nítọ̀ láti wọn àwọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ìdá márùn-ún owó Studio Display, ó sì lè tún mọ́nítọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́wàá ṣe.

Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ. Bí sányán bá wọ́n, wọ́n lè sọ ìdí rẹ̀ fún yín: sẹ́dà inú ìgbẹ́ ni, wọ́n ní láti wá a, kí wọ́n ran án, kí wọ́n tó hun ún. Òwú ṣáìn-ṣáìn náà wà, tó ń kọ mànà ní òde àríyá, kò sì sí ahunṣọ gidi tó máa sọ fún yín pé òun àti sányán ẹgbẹ́ ni. Ká ní àwọn tó ń ta mọ́nítọ̀ lè la ìnáwó wọn sílẹ̀ báyẹn, a ò bá má kọ nǹkan kan.

Wọ́n tún ń fi ìlera dẹ́rù bà wá, pé mọ́nítọ̀ yẹpẹrẹ ń fọ́ni lójú, pé ìmọ́lẹ̀ búlúù rẹ̀ ń ba ẹyinjú jẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ojú ní Amẹ́ríkà, American Academy of Ophthalmology, ti sọ ọ́ léraléra pé kò sí ẹ̀rí pé ìmọ́lẹ̀ búlúù láti ojú kọ̀ǹpútà ń ba ojú jẹ́. Ohun tó ń mú ojú ta wá ni pé a kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ bí a bá tẹjú mọ́ ọn. Ní ìṣẹ́jú ogún-ogún, ẹ wo ọ̀nà jíjìn fún ìṣẹ́jú àáyá ogún. Ní Òkàkà, ọ̀nà jíjìn kì í ṣe nǹkan ọ̀wọ́n. Ẹ ṣáà ti ṣí fèrèsé.

Àríwísí kan wà tí a ò lè fọwọ́ rọ́ tì, nítorí ọ̀rẹ́ wa ló sọ ọ́, ó sì dùn ún dọ́kàn kó tó sọ ọ́. Ó ní: "Ṣé nítorí pé a wà ní Òkè-Ògùn ni kò ṣe yẹ ká lo nǹkan gidi? Ṣé àlòkù òyìnbó la máa lò títí ayé? Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa kéré sí ara wọn." Ọ̀rọ̀ ńlá ni. A mọ bó ṣe rí kí oníbàárà láti Ìbàdàn wọlé, kó wo tábìlì èèyàn, kó wo mọ́nítọ̀ tí etí rẹ̀ ti họ, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó kù kó tó rí iṣẹ́. Ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá, oníbàárà tó ń fi mọ́nítọ̀ díye lé iṣẹ́ á tún rí nǹkan mìíràn fi dín in lọ́jọ́ tí ẹ bá ra mọ́nítọ̀ tuntun. Èyí tó tún ká wa lára jù ni pé ohun tó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kéré ni kí wọ́n gbà pé àwọn kò tíì lè bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta dúró de ojú kọ̀ǹpútà ti pàdánù ọdún mẹ́ta tí ọmọ Ìbàdàn tàbí ti Nàìróbì fi kọ́ ọwọ́ rẹ̀, lórí láptọ́ọ̀pù tí bọ́tìnnì méjì ti yọ lára rẹ̀. Ẹ fún wa ní iná, ẹ fún wa ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kì í sá bọ̀ sá lọ, ẹ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí gbogbo ìyẹn bá wà, ẹ wá bá wa sọ ti 5K. Ó ṣeé ṣe ká tiẹ̀ rà á.

Ní báyìí ná, ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́nítọ̀, ohun tí àwa ń ṣe rèé. A máa ń wá àlòkù 24 tàbí 27 ínṣì tó jẹ́ IPS, irú èyí tí àwọn ọ́fíìsì ìlú òyìnbó lò tí wọ́n sì pààrọ̀, tó wá wọ Ọ̀tìgbà. Bí a bá rí èyí tó jẹ́ 4K tí owó rẹ̀ kò pa wá, a jẹ́ pé orí ṣe é. A máa ń ní kí wọ́n tàn án níṣojú wa fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ara wọn bá gbóná ni àìsàn wọn ń jáde. A ó ṣí àwòrán funfun báláú kún ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà pupa, àwọ̀ ewé, búlúù àti dúdú, kí píksẹ́lì tó ti kú lè fara hàn. A ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ìmọ́lẹ̀ ń jò níbẹ̀, a ó wo ẹ̀yìn bóyá wọ́n ti tú u rí. Lẹ́yìn náà la ó wá ki fláàṣì wa bọ̀ ọ́, ká ṣí ojú ìwé kan tí a kọ ọ̀ṣọ́, ẹ̀ṣẹ́, ọkọ̀ àti ẹṣin sí, lẹ́tà 11, fọ́ǹtì Charis. A ó jókòó bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ gan-an. Bí a bá rí gbogbo àmì abẹ́ lẹ́tà láì na ọrùn bí ìjàpá, ọ̀rọ̀ kan owó nìyẹn. Iye yòówù kí ọlọ́jà kọ́kọ́ pè, ìdajì rẹ̀ la ti máa ń bẹ̀rẹ̀.